Apá Mi Ò Gùn Tó Mọ́

Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, fóònù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Láìpẹ́ yìí, mo ṣàkíyèsí pé ṣe ni mo ń nà án jìnnà kí n tó lè kà á. Ọmọ mi rí mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Dádì, ẹ ti ń darúgbó o!"

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́ǹsì kan wà lẹ́yìn ọmọlójú wa. Tí a bá fẹ́ wo nǹkan tó sún mọ́ wa, iṣan tó yí i ká á fún pọ̀, lẹ́ǹsì náà á sì ki sí i. Àmọ́ láti kékeré ló ti ń le díẹ̀díẹ̀. Tí èèyàn bá fi máa lé ní ẹni 40 ọdún, kò ní lè ki dáadáa mọ́. Kì í ṣe àrùn, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó ti ń wù mí látìgbà èwe. Orí ń fọ́ mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Ìgbà tí mo lọ yẹ ojú wò, jígí ìkàwé ni wọ́n ní kí n lò. Mo tún sọ lẹ́tà fóònù di ńlá. Mo ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ mi báyìí.

Tí ẹ̀yin náà bá ti ń na fóònù jìnnà, ẹ má fi falẹ̀, ẹ lọ yẹ ojú wò.