Omi gbígbóná láàrin yìnyín: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó kó ọmọ lọ sí Banff

Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà kan nílé pé àwọn kan ń bọ́ aṣọ síta gbangba, tí yìnyín ń já lé wọn lórí, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, yóò ní orí wọn ti dàrú ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní Banff, ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè Rọ́kì, ní ìpínlẹ̀ Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Lásìkò òtútù, tìyá-tọmọ a máa lọ sí ibi ìwẹ̀ kan lára òkè tí wọ́n fi imí ọjọ́ sọ lórúkọ, tó ga tó mítà 1,585 sí ojú òkun. Wọn a jókòó sínú omi gbígbóná dé ọrùn, irun orí wọn a sì funfun báláú, nítorí pé èéfín omi ti dì sí i.

Kò sẹ́ni tó ń dáná sábẹ́ omi náà o. Omi òjò àti yìnyín tó yọ́ ló ń gba pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ lọ, títí tó fi jìn tó kìlómítà mẹ́ta, níbi tí ooru inú ilẹ̀ ti pọ̀. Bó bá gbóná tán, a wá ọ̀nà gòkè padà, a sì gba ibi tí àpáta ti sán tú jáde. Èròjà imí ọjọ́ tó kó bọ̀ lọ́nà ló jẹ́ kó máa rùn díẹ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsí ní Èkìtì ti mọ irú rẹ̀, àmọ́ omi ti Ìkògòsí kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju ara èèyàn lọ, yìnyín kò sì dúró de ẹnikẹ́ni létí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà Stoney Nakoda ti mọ àwọn omi òkè yìí tipẹ́ kí òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta tó ṣalábàápàdé ihò àpáta kan nísàlẹ̀ òkè náà ní 1883. Ní 1885, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ ibẹ̀.

Ìgbádùn ni, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń kọ wá lóminú. Láàrin ìwọ̀n 37 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fi omi náà sí. Òógùn ló máa ń tu ara èèyàn lára bí ooru bá mú, ṣùgbọ́n òógùn kò lè gbẹ lára ẹni tó wà nínú omi. Ara ọmọdé kéré, ooru ń tètè wọ̀ ọ́ ju àgbà lọ. Atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí i lójú ni kì í jẹ́ kóun tàbí òbí rẹ̀ fura. Bí ọmọ tó ń ṣeré bá ṣàdédé dákẹ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ní òòyì ń kọ́ òun, ẹ gbé e jáde kíá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lẹ́ẹ̀kan, kó jáde, kó mu omi. Kí ọmọ ọwọ́ má wọ̀ ọ́ rárá. Kí aláboyún, pàápàá tí oyún ṣì kéré, àti ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ti mutí, kó jókòó sílé.

Jíjáde gan-an tún níṣẹ́ nínú. Ilẹ̀ etí omi a máa yọ̀ bí ilá, ọmọdé kì í sì í rìn níbẹ̀, eré ni wọ́n ń sá. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀ fún wọn. Ẹ fi aṣọ ìnura gbígbẹ sítòsí, torí pé èyí tó bá ti tutù yóò gan bíi pákó láìpẹ́. Kí irun wọn gbẹ dáadáa kí wọ́n tó bọ́ síta. Ní ti fìlà òtútù, ẹ má fi sílẹ̀ sínú mọ́tò.