Eyín Kọ́ o, Jẹjẹrẹ Ni!
Kókó tó ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọdé, tó tún ń yọ níkùn

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá ṣàdédé wú ní Sango-Ọ̀tà, ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé eyín ni. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti iléeṣẹ́ á yà ní kẹ́míìsì, á ra òògùn ìrora. Ará ilé á ní kó lọ wá àgbo. Bí eyín bá wá ń mì, wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù.

Àmọ́ nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti eyín rárá. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń bá ọmọdé ilẹ̀ wa jà. Burkitt ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 1957 ni Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà, rí ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí kókó yọ sí lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Ojú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà! Kò pẹ́ tó tún rí ọmọ mìíràn nílùú Jinja. Tìyẹn dé ikùn.

Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan kó tó ràn ká. Èyí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè yọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kó yọ lẹ́yìn ẹyinjú, kó tún wà nínú kíndìnrín tàbí ilé ẹyin ọmọbìnrin, ló bá dà bí àrùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Burkitt ló ní àrùn kan náà ni gbogbo wọn. Lọ́dún 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú kókó náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní fáírọ́ọ̀sì yìí lára láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibà tó ń ṣe ọmọ léraléra wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ yìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ùgáńdà nìkan o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n rí ní UCH, Ìbàdàn.

Eré tó ń sá ló burú. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kókó náà lè di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀: òògùn tí wọ́n ń gba ojú iṣan fà sára máa ń tètè yọ́ ọ, ọmọ tó bá sì tètè débẹ̀ lè gbádùn pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú, tí eyín ń mì, tí ojú ń yọ síta tàbí tí ikùn le, ẹ má yọ eyín, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Láti Sango, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà l'Abẹ́òkúta. Ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà yẹ̀ wò. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.