Ìtọ́jú Ìsopọ̀ Ìmọ̀lára fún Ọmọ tí Ọpọlọ Rẹ̀ Fara Pa: Ojúṣe Olùkọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáàrà

Obìnrin tí ó ru ìkòkò omi sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè láìfọwọ́ kàn án kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ. Iṣan àti oríkèé ń ròyìn ibi tí ara wà. Ẹ̀yà kan nínú etí ń ròyìn bóyá orí dúró tàbí ó tẹ̀. Ọpọlọ ni ó ń so gbogbo ìròyìn yìí pọ̀ kí ó tó pàṣẹ fún ara. Èdè Yorùbá pàápàá fi irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, 'gbọ́', ni a ń lò fún ohùn àti fún òórùn. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé ìtọ́jú tí a gbé karí ìsopọ̀ ìmọ̀lára, yóò sì fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn fún ọmọ tí ó ní cerebral palsy.

Irú àìlera tí ó jẹ́

Cerebral palsy a máa wáyé nígbà tí ọpọlọ ọmọ bá fara pa nínú oyún, nígbà ìrọbí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Lára okùnfà rẹ̀ ni kí ọmọ má tètè mí nígbà tí a bí i, kí a bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé, ibà pọ́njú tí a kò tètè tọ́jú, àti àrùn tí ó wọ ọpọlọ. Ìpalára náà kì í gbilẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ. Iṣan ọmọ lè le gbagidi, ó lè rọ̀ jù, ara rẹ̀ sì lè máa yí fúnra rẹ̀.

Ó yàtọ̀ sí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ a máa sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ṣì ń mọ ìfọwọ́kàn. Ní ti cerebral palsy, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn wà ní dídì, tí wọn kò ní mọ ohun tí ó jẹ́. Kò sì tọ́ kí a máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní dìndìnrìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ nípa wọn ní yéyé.

Orísun ìtọ́jú náà àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

A. Jean Ayres, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé ìtọ́jú yìí kalẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1972. Nínú ìtọ́jú náà, ọmọ a máa gun jáńgílọ́fà, a máa rákò, a máa fọwọ́ kan oríṣiríṣi nǹkan, kí ọpọlọ lè kọ́ láti to ìròyìn ara. Àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún ni Ayres ní lọ́kàn ní pàtàkì. Lẹ́yìn náà ni a mú un lò fún cerebral palsy.

Ní 2013, Iona Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia yẹ oríṣiríṣi ìtọ́jú àìlera yìí wò. Ìsopọ̀ ìmọ̀lára wà lára àwọn tí wọn kò fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ máa ṣe iṣẹ́ gan-an tí ó fẹ́ mọ̀, léraléra, nílé àti nílé-ẹ̀kọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìmọ̀lára kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé inú iṣẹ́ ni kí a ti máa lò ó. Ọmọ tí a fẹ́ kí ó máa dá ṣíbí gbé sẹ́nu, ṣíbí ni kí ó máa gbé. Fífi ọwọ́ rẹ̀ ra iyanrìn fún oṣù mẹ́ta kì í kọ́ni ní oúnjẹ jíjẹ.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún òbí ní Ìjerò tàbí Arámọkọ tí kò lè rí owó ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí ìlú ńlá. Agbada, ṣíbí àti àpótí ìjókòó wà nílé.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Èkíní, kí ọmọ jókòó dáadáa. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga tí ó ní apá, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yóò sì tẹ ilẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè kọ̀wé. Èkejì, kí a wé aṣọ mọ́ pẹ́ńsù kí ó lè ki lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ wá láti iwájú, kí ó sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ, nítorí ìfọwọ́kàn òjijì a máa mú kí iṣan le. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a máa fa apá ọmọ bẹ́ẹ̀ tàbí jù ú sókè bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀kẹrin, kí àgbàlagbà kọ́kọ́ tọ́ omi wò. Gbogbo ará Èkìtì mọ̀ pé omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ní Ìkógòsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè bó kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn. Ó yẹ kí ó darí òbí sí ilé-ìwòsàn, irú èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Kò sì gbọdọ̀ lé ọmọ padà sílé. Òfin àpapọ̀ ti 2018, tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Oníṣègùn lè rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ojoojúmọ́ ni òbí àti olùkọ́ ń rí i. Nínú ohun kékeré tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń múlẹ̀: àga tí ó bá a mu, pẹ́ńsù tí ó ki, àti ṣíbí tí a fi sílẹ̀ fún un láti fúnra rẹ̀ gbé, bí ó tilẹ̀ ń da oúnjẹ sílẹ̀.