Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ní ń gbin igbó?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí a bá fẹ́ kí igbó tí a ti gé padà bọ̀ sípò, ṣé igi yòówù ni a lè gbìn?

1. Rárá o. Tíìkì àti mẹ̀línà, tí a kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, a máa mú pákó wá, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe.

2. Igi ìbílẹ̀ wa ńkọ́? Ìrókò, ọba igi, akọ igi tí wọ́n ní iwin Olúwéré fi ṣe ilé, àdán wà lára àwọn tí ń gbìn ín: bí àdán bá ti jẹ èso rẹ̀ lóru tán, a máa fọ́n kóró rẹ̀ ká ibi tó bá fò dé, nítorí náà, ẹni tó bá ń pa àdán run, ìrókò ọ̀la ni ó ń gé.

3. Igbó lè padà bọ̀ sípò lóòótọ́: ní ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oko kí a tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967 ti di igbó tó tó 350 hẹ́kítà, níbi tí ẹyẹ kan tó bá ẹ̀ga tan, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ti rí ibùgbé.

Igi wo ló ti di àwátì ní ìlú yín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín ọ̀rọ̀ yìí fún ará àdúgbò.