Ọyẹ́, fèrèsé àti ìlera olùkọ́: ohun tí àrùn Kòrónà fi hàn ní Makera

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fàyè gbà kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 2021, ìgbì kejì àrùn Kòrónà ṣì ń jà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọyẹ́ sì ń fẹ́ ní ìlú Kaduna. Ní Makera, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Kaduna South, ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀ oṣù Kínní mọ bí ó ti máa ń rí: eruku á bo ojú ọ̀run, ètè á là, òtútù á sì mú kí ènìyàn pa fèrèsé dé. Ní àkókò gan-an tí àrùn tó ń bá afẹ́fẹ́ rìn ń tàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ni ojú ọjọ́ ń sọ fún olùkọ́ pé kí ó ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pa.

Makera, ní èdè Haúsá, túmọ̀ sí àwọn alágbẹ̀dẹ. Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni, kò jìnnà sí Kakuri níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ti gbilẹ̀ nígbà kan, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó bá iṣẹ́ débẹ̀ tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni gómìnà ìgbà náà, Nasir El-Rufai, kéde pé òun ti kó àrùn náà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì nígbà yẹn. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá padà wá ní oṣù Kẹjọ láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ni ọ̀rọ̀ ààbò olùkọ́ tó dé ojú rẹ̀.

Garawa omi, ọṣẹ àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ọwọ́ fífọ̀, nítorí ó ń dènà onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn mìíràn náwó sórí fífín oògùn apakòkòrò káàkiri yàrá, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 pé òun kò dábàá rẹ̀, àti pé ó lè pa ojú àti ẹ̀dọ̀fóró lára. Owó oògùn náà ìbá tún ọ̀pọ̀ fèrèsé tí kò ṣeé ṣí mọ́ ṣe.

Bí ènìyàn bá ń mí tàbí tó ń sọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀kán itọ́ tí ojú kò lè rí ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ohùn bá ṣe lọ sókè tó ni wọ́n ń pọ̀ tó. Èyí tó tóbi ń bọ́ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jọjọ ń léfòó bí èéfín sìgá nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti rí ọ̀nà jáde.

Ẹ wá wo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń wà pẹ̀lú kíláàsì kan, ti girama kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ ìṣirò bá wọ kíláàsì 5 lójúmọ́, tí ọmọ 50 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti bá ènìyàn 250 pín afẹ́fẹ́ kí agogo àtilọ sílé tó lù, ó sì ń gbé ohùn sókè ní gbogbo àkókò náà kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ọmọ ọdún 15 tó kó àrùn náà lè má mọ̀ ju ikọ́ díẹ̀ lọ. Olùkọ́ tó ti lé ní 50 ọdún, tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, lè ti ibẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Yàrá àwọn olùkọ́ náà ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ ìbòmú láti jẹun àti láti tàkúrọ̀sọ? Ibẹ̀ ni a sábà máa ń gbàgbé.

Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 béèrè fún àlàfo mítà 2, ó sì dábàá kí a pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí tí yóò máa wá ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tó gùn ní mítà 9 tó sì fẹ̀ ní mítà 7 kò lè gbà ju nǹkan bí ọmọ 20 lọ pẹ̀lú àlàfo bẹ́ẹ̀. Níbo ni 30 tó kù yóò wà? Bí a kò bá gba olùkọ́ sí i, ẹni tó kọ́ ìsọ̀rí òwúrọ̀ náà ni yóò tún kọ́ ti ọ̀sán.

Afẹ́fẹ́ kò béèrè olùkọ́ tuntun. Ní ọdún 2021, WHO dábàá pé kí afẹ́fẹ́ tuntun tó lítà 10 máa wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí fèrèsé tó kọjú sí ara wọn wà ní ṣíṣí, kí atẹ́gùn gba ìhín wọlé, kí ó gba ọ̀hún jáde. Nígbà ọyẹ́, kí a ṣí díẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí a sì ṣí gbogbo rẹ̀ gbayawu nígbà tí olùkọ́ kan bá jáde tí òmíràn kò tíì wọlé. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ òtútù. Ìpàdé àwọn olùkọ́ lè wáyé lábẹ́ igi dogoyaro. Ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ imú dáadáa wúlò, èyí tó wà ní àgbọ̀n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ara rẹ̀ gbóná sì gbọ́dọ̀ lè dúró sílé láìbẹ̀rù pé a ó gé owó oṣù òun.

Ìmọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Kaduna. Ìlú náà wà lára ilẹ̀ tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní meningitis, ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe kún inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àjọ UNICEF ti bẹ̀bẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí a fi àwọn olùkọ́ sí ipò iwájú lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Orílẹ̀-èdè South Africa fún òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó lé ní 500,000 ní abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2021. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún náà ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, ó sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 péré fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

WHO kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé àrùn Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin tó sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 ọdún sí 65. Níbi tí òfin náà bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí ọjọ́ orí wọn fi wọ́n sínú ewu jù ni yóò túbọ̀ máa pọ̀ níwájú kíláàsì, nígbà tí ọyẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní oṣù Kọkànlá.