Ọkọ̀ Òfúrufú Ológun: Ta Ló Jókòó Nídìí Rẹ̀?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ológun, eré rẹ̀ àti gíga tí ó ń fò ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ní tèmi, ìjókòó awakọ̀ ni ó yẹ kí a máa wò, nítorí ohun tí ó ń dé bá ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mú kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí máa yí padà.

Ní ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ Lockheed ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi ọkọ̀ amí U-2 fò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya àwòrán ilẹ̀ Sófíẹ̀tì láti òkè. Ó ń fò kọjá 70,000 ẹsẹ̀ bàtà, bí ìlọ́po méjì ibi tí bàálù èrò ń gbà, àwọn tí ó ni ín sì gbà pé ọwọ́ ọ̀tá kò lè tó o. Ọwọ́ tó o. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, àwọn ará Sófíẹ̀tì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì já a lulẹ̀ nítòsí Sverdlovsk. Amẹ́ríkà rò pé awakọ̀ ti kú, wọ́n ní ọkọ̀ tí ń yẹ ojú ọjọ́ wò ni. Khrushchev jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ náà tán kí ó tó kéde pé Francis Gary Powers wà láàyè, ó sì wà lọ́wọ́ òun. Bí ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè ní Paris ṣe túká nìyẹn. Ọdún 1962 ni wọ́n tó fi Rudolf Abel, amí Sófíẹ̀tì, gba Powers padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n já U-2 mìíràn lulẹ̀ ní Kúbà. Rudolf Anderson tí ó ń wà á kú.

Ọ̀nà méjì ni Amẹ́ríkà gbà wá ojútùú sí i. Èkíní ni SR-71, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1964, tí eré rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti ohùn lọ. Ooru eré náà pọ̀ débi pé títáníọ̀mù ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà, ọ̀dọ̀ Sófíẹ̀tì gan-an ni wọ́n sì ti dọ́gbọ́n ra púpọ̀ nínú rẹ̀! Ọ̀tá kankan kò já a lulẹ̀ rí. Ọ̀nà kejì ni láti yọ ènìyàn kúrò nínú ọkọ̀. Láti 1964, wọ́n ń rán Lightning Bug tí kò ní awakọ̀ lọ sókè Ṣáínà àti Vietnam, ó lé ní ìgbà 3,000. Bí èyí bá já, ìyá ẹnikẹ́ni kò sunkún.

Predator, dúróònù tí ó kọ́kọ́ fò ní 1994, mú awakọ̀ padà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó jókòó sí. Nígbà tí wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn ní 2001, amí di apànìyàn. Ẹni tí ó wà ní Nevada lè pa ènìyàn ní Afghanistan, kí ó sì lọ jẹun alẹ́ nílé.

Èyí tí ó wá dé báyìí ni dúróònù tí ń bá ọkọ̀ awakọ̀ rìn, bí ajá ṣe ń ṣáájú ọdẹ wọgbó. Ghost Bat ti Australia fò ní 2021. YFQ-42A àti YFQ-44A ti Amẹ́ríkà fò ní 2025. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ọ̀tá sì lè da rédíò rú kí fèrè má dún rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ láti dá ronú.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, dúróònù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àwọn tí ń ṣe ayẹyẹ Màólúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ó lé ní 80 ènìyàn tí ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ni ó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ní 2024, àwọn ológun kéde pé ọ̀gá méjì yóò jẹ́jọ́. Kọ̀ǹpútà kò ṣe é pè lẹ́jọ́. Ìlànà tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tún kọ ní 2023 ní ìpinnu ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nínú lílo irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó bá yẹ. Wọn kò kọ bí ìwọ̀n náà ṣe tó.