Náírà 10 Lórí Ẹlẹ́rìndòdò

Bí ẹ bá dé ibi ìkómọ ní Sùúrùlérè tàbí Yábàá, kí ẹ tó jókòó dáadáa ni wọn yóò ti gbé kúlà kalẹ̀. Àwa tí a kì í mu ọtí líle, ẹlẹ́rìndòdò ni a fi ń ṣe ara wa lálejò. Igo kan fún bàbá, igo kan fún ìyá, èyí tó tutù jù lọ fún ọmọdé kí ó má baà sunkún. Ẹni tí kò bá rí mínírà mu níbi ìnáwó yóò máa sọ ọ́ kiri pé wọn kò ka òun sí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ kò ní sọ pé a parọ́ mọ́ yín.

Ohun mímu yìí kì í ṣe àlejò lágbègbè wa. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti ń rọ Coca-Cola sínú igo ní apá Ẹ̀búté Mẹ́tta. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìgbéyàwó ni a máa ń rí i mu. Ní báyìí, bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, àwọn tó ń sáré tà á ti dé ojú fèrèsé. Ara wa sì ń sanra sí i. Àwa náà ló sì máa ń kí ẹni tó bá sanra kú oríire, pé owó ti dé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìnáwó kan tó fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kò ní ọtí nínú. Zainab Ahmed, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ṣàlàyé pé ìjọba fẹ́ kí àwọn ènìyàn dín ṣúgà mímu kù nítorí ìsanrajù àti àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fẹ́ rí owó kún àpò ìjọba pẹ̀lú. Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí lítà kan bá jẹ́ náírà 10, náírà 5 ni yóò bọ́ sórí igo 50cl. Kí ni náírà 5 lè rà ní Muṣin? Kọ́ńdọ́ dáńfó kò tilẹ̀ ní wá a fún yín ní ṣéńjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní ọdún 2016 pé kí irú owó orí bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ó yẹ kí ó gbé iye tí a ń ra ohun mímu náà sókè ní ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán. Ìdí nìyí tí àjọ CAPPA àti àwọn tí wọ́n jọ ń jà fún ọ̀rọ̀ yìí fi bèèrè fún náírà 130 lórí lítà kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ní tiwọn fárígá, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. A kò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ìyá wa ló sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ yí igo náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 10 ṣúgà ló wà nínú mílílítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 50 ló wà nínú igo 50cl. Ó lé ní ṣíbí 12, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì. Ìyá wo ni yóò rí ọmọ rẹ̀ tó ń bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú ife omi tí kò ní pariwo? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó sàn kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àgbàlagbà má ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lóòjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi malt tàn yín pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ni. Ṣúgà wà nínú òun náà.

Àwọn ará wa tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù rí bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú ohun mímu ni owó orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò bá tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 kò sì san kọ́bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti lọ bu ṣúgà wọn kù. Ibí yìí gan-an ni tiwa ti kù díẹ̀ káàtó: èyí tó dùn bí oyin àti èyí tí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, náírà 10 kan náà ni òfin 2021 bù fún wọn. Kí ló máa mú ilé iṣẹ́ yọ ṣúgà?

Àwọn kan ní tálákà ni owó orí yìí yóò ni lára. Ní Mẹ́síkò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 2014, ríra ohun mímu wọ̀nyí dín kù ní nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 lọ́dún àkọ́kọ́, àárín àwọn tálákà ló sì ti dín kù jù. Ní tiwa, ẹ lọ wo àwọn tó ń tò sí LUTH ní Ìdí-Àràbà nítorí àtọ̀gbẹ. Àpò ẹbí ni owó àyẹ̀wò ti ń jáde, àpò ẹbí ni owó abẹ́rẹ́ náà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba owó púpọ̀ lórí mínírà, àwa fara mọ́ ọn, bí a bá lè rí i pé irú ibi bẹ́ẹ̀ ni owó náà ń lọ.

Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan ní Sùúrùlérè ṣe ìkómọ, omi tutù àti sobo tí kò ní ṣúgà ni wọ́n gbé kalẹ̀. Ìyá ọkọ wò yíká, ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé a kò lówó ni?”

“Rárá o, Mọ́mì. Nítorí ìlera gbogbo wa ni.”

“Ìlera kọ́. Ọjọ́ ayọ̀ nìyí.”

Kí a tó dìde, kéréètì mínírà mẹ́ta ti wọlé. Àwa náà mu níbẹ̀.